Ọkọ Ni, Kì í Ṣe Oko

Ìyá mi àgbà kì í jókòó sórí àga tó bá ti fẹ̀ ju ti ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá gbé àga onítìmùtìmù fún un níbi ìnáwó, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á ní kí wọ́n lọ gbé irú tàwọn tó kù wá. Àwọn èèyàn rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Èmi mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Máṣíìnì ìkọ̀wé ló fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ tẹ̀ ní bíròò, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba, ní Kétu, débi pé Ìyá Dakitiló, ìyẹn ìyá atẹ̀wé, ni tọmọdé tàgbà ń pè é, ó sì ti gbà pé bí máṣíìnì yẹn ṣe rí ló yẹ kí ayé rí: lẹ́tà i tó tín-ín-rín bí igi ìṣáná àti lẹ́tà m tó sanra, àyè kan náà ni wọ́n ń gbà lórí bébà. Nígbà tí mo kéré, mo bi í pé kí ló dé tí i kò lè sún mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ díẹ̀. Ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, lẹ́tà kan, àga kan. Bó o tín-ín-rín, jókòó. Bó o sanra, kóra jọ.”

Láti ìgbà tó ti lọ, mo ti gbìyànjú láti rántí rẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, bí wọ́n ṣe máa ń ka ìtàn òkú ní ṣọ́ọ̀ṣì: wọ́n bí i, ó lọ sílé ìwé, ó lọ́kọ, ó bímọ. Kò ṣeé ṣe. Ohun tó ń wá sí mi lọ́kàn kò tẹ̀ lé ara wọn, ẹ̀kán kan níbí, ẹ̀kán kan lọ́hùn-ún. Bí mo bá ń fọ abọ́, mo máa ń gbọ́ máṣíìnì rẹ̀, ta-ta-ta, mo sì máa ń dúró kí agogo kékeré tó wà ní ìparí ìlà dún. Kì í dún. Àárò rẹ̀ ń sọ mí débi pé n kò fẹ́ káwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu bi mí léèrè rẹ̀, kí n má baà sunkún lójú wọn.

Máṣíìnì Faransé ni. Ó ní é, ó ní è, ó ní à, ṣùgbọ́n kò ní ẹ, kò ní ọ, kò sì ní ṣ. Ìyẹn kò dí iṣẹ́ bíròò lọ́wọ́, nítorí Faransé ni gbogbo ohun tí wọ́n ń gbé fún un tẹ̀. Àmọ́ bí iṣẹ́ bá parí, gbogbo Kétu ló mọ ọ̀nà ilé wa. Ẹgbẹ́ akọrin tó fẹ́ tẹ orin, ìyá tó fẹ́ ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn tó fẹ́ kéde òkú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń forí lé. Bó bá dé ibi tí ọ wà, á tẹ o, á dá a padà sẹ́yìn, á fọwọ́ yí igi róbótó tó gbé bébà dání sókè díńkínní, á tẹ àmì ìdánudúró sábẹ́ o, á wá yí i padà sáyè rẹ̀. Àmì ohùn ní tirẹ̀, bírò ló fi ń fà á. Mo máa ń jókòó tì í, mo máa ń kùn pé ó ti pẹ́ jù. Kì í tiẹ̀ wò mí. “Bó o bá ń kánjú,” á ní, “kọ Faransé.”

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ o. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, kí wọ́n tó bí màmá mi pàápàá, kì í fi àmì kankan sí i. Èrò rẹ̀ ni pé ẹni tó bá gbọ́ èdè wa á mọ ohun tóun ń sọ. Ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ ní abúlé Kpankú ló yí i padà, ẹnu Bàbá Àgbà, ọkọ rẹ̀, ni mo sì ti gbọ́ ọ, torí pé òun fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ sọ ọ́.

Ìyàwó ọkùnrin kan ló kú ní Kpankú. Bàbá Ìdòwú ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Ìyá Àgbà ló tẹ ìwé ìkéde òkú náà, ohun tó sì yẹ kó wà níbẹ̀ ni pé olóògbé náà fi ọkọ kan, ọmọ mẹ́rin àti ọ̀pọ̀ ẹbí sílẹ̀. Kò sí àmì kankan nídìí ọ̀rọ̀ ọkọ yẹn. Àlejò ni ẹni tó kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ohun tó rí ló kà sókè: ó fi oko kan sílẹ̀. Àwọn àbúrò olóògbé wo ara wọn lójú. Oko wo? Ṣé ẹ̀gbọ́n wọn ní oko tí wọn ò mọ̀? Ilẹ̀ sàréè kò tíì gbẹ tí wọ́n fi tọ Bàbá Ìdòwú lọ pé kó wá fi oko ẹ̀gbọ́n àwọn han àwọn. Ó ní òun ò mọ oko kankan. Wọ́n ní ó fẹ́ gbé e mì. Ni ọkùnrin náà bá bú sẹ́kún níwájú gbogbo èèyàn. “Látìgbà tí irun mi ti dúdú ni mo ti ń ṣe ọkọ ẹ̀gbọ́n yín,” ó ní. “Ẹ ka orúkọ gbogbo ayé lójú òkú ẹ̀, ẹ ò dárúkọ èmi. Ẹ wá ń bi mí léèrè oko!”

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Ìyá Àgbà ní bíròò. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó wá sílé, ó ká òṣùká, ó gbé máṣíìnì tirẹ̀ karí, tòun ti bàtà bíròò lẹ́sẹ̀. Irin ni gbogbo rẹ̀, ó wúwo bí ọlọ. Bàbá Àgbà pàdé rẹ̀ lọ́nà, ó ní kó jẹ́ kóun gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ó kọ̀. Ó ní ẹni tó da omi nù ló ń padà lọ pọn ọ́n, ẹ sì mọ̀ bí omi ṣe wọ́n tó ní Kétu wa yìí, tí kànga ti jìn tí kò lópin. Báyìí ni tọkọtaya náà ṣe rin ọ̀nà pupa yẹn dé Kpankú, ìyàwó ru irin, ọkọ ń ti kẹ̀kẹ́ òfìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, ó kí wọn kú ọ̀fọ̀, ó sọ máṣíìnì kalẹ̀ láàárín agbo ilé, ó tẹ ìwé náà lákọ̀tun lójú gbogbo wọn, ó ń yí igi róbótó yẹn sókè, ó ń yí i sílẹ̀, títí àmì fi wà lábẹ́ gbogbo lẹ́tà tó yẹ kó ní in. Ó kà á sókè. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ fún Bàbá Ìdòwú, ó fi ìka tọ́ka sí àmì méjèèjì tó wà lábẹ́ ọkọ. “Bàbá,” ó ní, “ipò yín rèé. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ yín. Mo dá a padà.”

Àgbẹ̀ ni Bàbá Àgbà, àgbàdo àti ẹ̀pà ló ń gbìn. Kò mọ̀wé, kò sì gbàgbé nǹkan. Láti ọjọ́ yẹn ló ti sọ ọ̀rọ̀ náà di eré nínú ilé. Bí Ìyá Àgbà bá ti bíròò dé tó pè é ní “Ọkọ mi,” ọkùnrin náà á dúró bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa, á ní, “Oko tàbí ọkọ?” Ìyàwó á ní, “Ọkọ ni. Àmì méjèèjì wà nídìí ẹ̀.” Ìgbà yẹn ni yóò tó dáhùn ohun tí wọ́n torí ẹ̀ pè é. Mo dàgbà sínú eré yìí. Nígbà tí wọ́n bá tilẹ̀ ń jà, tí wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ fẹ́ parí ìjà ló máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Àgbà lè jà o, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ òkú. Olùkọ́ kan wà tó gba yàrá nílé wa, tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Bí wọ́n ṣe fi kọ́ ọ ní tirẹ̀, ɔ tó lanu lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni kí á máa kọ ní orílẹ̀-èdè wa níbí. Ọ tó ní àmì nídìí, ti Nàìjíríà lódìkejì ààlà ni. Bíbélì Ìyá Àgbà sì rèé, òdìkejì ààlà ló ti wá. Àárọ̀ kan, níbi tí wọ́n ti ń mu kókó, àríyànjiyàn náà le débi tí kókó fi tutù. Olùkọ́ ní òfin ni. Ìyá Àgbà ní Ọlọ́run ti ń gbọ́ ọ onídìí kí òfin tó dé. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí wọ́n bu kókó gbígbóná míì fún ọmọkùnrin náà. “Ẹ là á lẹ́nu o, ẹ fi nǹkan sábẹ́ ẹ̀ o,” ó ní, “ẹ ṣáà má fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ ní ìhòòhò.”

Nínú ilé yìí ni mo ti jáde lọ kọ́ ètò kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi nílò lẹ́tà tó ń gba àyè dọ́gba-dọ́gba, i bíi m, kí ìlà lè dúró sórí ìlà bí ebè oko Bàbá Àgbà, kí ojú lè tètè rí ibi tí àṣìṣe wà. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ pọ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ orúkọ ara mi sínú iṣẹ́, Àbẹ̀kẹ́, orúkọ tí ìyá yìí sọ mí, ohun tí mo rí burú. Àmì ohùn sá kúrò lórí ẹ, ó lọ gba àyè lọ́tọ̀, ó ti lẹ́tà tó kù síwájú, gbogbo ìlà sì wọ́. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà náà, inú bí mi, mo sì mọ̀ pé inú Ìyá Àgbà ló ń bí nínú mi. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu láti ya lẹ́tà tèmi, lẹ́tà olójú-àyè-kan fáwọn tó ń kọ ètò, tí ẹ̀ àti ọ́ yóò ní àga bíi ti ẹlòmíì.

Ní Faransé, orúkọ tí wọ́n ń pe irú ọ̀wọ́ lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí orúkọ ọlọ́pàá: pòlíìsì. Mo sọ fún Bàbá Àgbà lórí fóònù pé mò ń ṣe pòlíìsì. N kò mọ̀ pé mo ti da nǹkan sílẹ̀. Nígbà tí mo délé fún Kérésìmesì, mo bá ọkùnrin àdúgbò kan, Sùlé oní-zémì, ìyẹn ọlọ́kadà, tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú adìẹ lọ́wọ́. Wọ́n ti gba alùpùpù rẹ̀ lójú ọ̀nà nítorí kò níwèé, ó sì wá bẹ ọlọ́pàá tuntun ilé wa kó bá òun gbà á. Bàbá Àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, àyà rẹ̀ yọ síta. Ó gba wàhálà kí n tó là á yé wọn pé lẹ́tà ni mò ń mú, n kì í mú èèyàn. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ló gbèjà mi. “Kò parọ́ fún yín,” ó ní. “Kí kálukú dúró sáyè ẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ pòlíìsì náà nìyẹn?”

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ti di tàwa méjèèjì. Mo máa ń tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sórí bébà ní gàdàgbà, mo máa ń gbé e wálé fún un. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà yẹn. Ó máa ń gbé bébà súnmọ́ imú, á tẹ̀ ẹ́ sápá kan bí ẹni tó ń wo aṣọ tó fẹ́ rà. Kò mọ̀ ọ́n ṣe kó máa yìn mí lásán. Ó wo m, ó ní ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kí n dín ẹran ara rẹ̀. Ó wo i, ó ní kí n na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì, kó má dà bí ọmọ tí wọ́n gbé sórí àga àgbà. Nígbà tó rí òdo tí mo fi ìlà sínú rẹ̀, ó béèrè ìdí. Mo ní nítorí kí ẹni tó ń kọ ètò má baà pè é ní O ni. Inú rẹ̀ dùn sí ìyẹn gan-an, torí pé l kékeré ni máṣíìnì tirẹ̀ ń lò fún ookan, ó sì ti jìyà rẹ̀ rí. Ohun tí a wá jà lé lórí jù ni àmì ìdí. Ó ní ó kéré. Mo fi kún un, ó ní ó kéré. Mo ní àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí á sọ pé ó ti tóbi jù. Ó dá bébà padà sí mi lọ́wọ́. “Àmì tí arúgbó kò rí,” ó ní, “kò sí níbẹ̀.”

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ti sọ ọ́ lóòótọ́. Ẹnì kan kọ̀wé sí mi láti ọ̀nà jíjìn pé àmì náà tóbi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì dín in.

Ohun kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù tó ń yọ mí lẹ́nu: lẹ́tà tó gbé àmì sókè, tó tún gbé àmì nídìí. Lójú kọ̀ǹpútà, èèyàn méjì ni wọ́n. Bí mo bá ti ṣe é níbí, á wọ́ lọ́hùn-ún. Ìyá Àgbà mọ̀. Ìgbà ìkẹyìn tí mo rí i lórí ìjókòó, ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ sì gbẹ, ó fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. Ó ní, “Kí n tó lọ, jẹ́ kí n rí lẹ́tà ẹ̀ tèmi tó jókòó jẹ́ẹ́.” Mo ní kò síbi tó ń lọ. Ó mi orí. Ó ní òun ò bi mí léèrè ìyẹn. Mo wá gbọ́ ohun tó ń béèrè, mo sì ṣèlérí.

Ọyẹ́ ló ń mú nígbà tí màmá mi pè mí ní Kútọnu. “Àbẹ̀kẹ́, máa bọ̀ wálé.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ohun tó ṣẹ́kù láti sọ. Lẹ́tà ẹ̀ kò tíì jókòó. Jálẹ̀ ọ̀nà ni mo ń sọ fún un nínú mi pé kó dúró dè mí díẹ̀, bí ẹni pé ẹni tó ti lọ lè gbọ́ ohùn ọkọ̀. Ìyá Àgbà, mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí i. Kò sí ẹlòmíì tí mo fẹ́ fi hàn.

Nígbà tí mo délé, àbúrò màmá mi ti gbé fẹ̀ẹ̀pá dé, ìyẹn ìwé ìkéde ìsìnkú, ẹyọ kan péré tí ilé ìtẹ̀wé ní kí á yẹ̀ wò. Bébà rẹ̀ dára, àwòrán Ìyá Àgbà wà lókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá Àgbà mú un lọ́wọ́, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó nà án sí mi pé kí n kà á fóun. Mo wò ó. Kọ̀ǹpútà wọn ti gbọn gbogbo àmì dànù. Níbi tó yẹ kí ipò Bàbá Àgbà wà, ohun tí wọ́n kọ ni: O fi oko kan sile.

Mo ní, “Bàbá, ìwé yìí kò tíì jinná.”

Mo gba ìwé náà, mo sọ fún àbúrò màmá mi pé kó ní kí wọ́n dúró, mo sì lọ jókòó sídìí tábìlì tí máṣíìnì rẹ̀ ṣì wà, aṣọ funfun lórí rẹ̀. Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn olùbánikẹ́dùn ń wọlé, wọ́n ń jáde. Mo fi lẹ́tà tèmi tẹ ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ jókòó dáadáa, torí pé kò gbé àmì lórí. Sílẹ̀ kò gbà. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó gbé àmì sókè àti nídìí, èyí tó ń sọ pé ó ti fi wá sílẹ̀ ló dùn mí jù pé kò gbà láti jókòó. Mo gbìyànjú títí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún sórí tábìlì yẹn bí ọmọdé.

Obìnrin kan wọlé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Màmá mi gbé àga fún un, ó tún ń wá òmíì fún ọmọ náà. Obìnrin náà ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Mo gbé orí sókè. Mo rántí Ìyá Àgbà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tó máa ń pín àga fáwọn èèyàn lọ́jọ́ ọdún, tó máa ń kígbe mọ́ àwọn ìyá tó bá fẹ́ gba àga méjì: “Ọmọ tá a pọ̀n kì í gba àga!” Gbogbo ìgbà yẹn ni mo ti ń wá àyè fún àmì ohùn. Kò nílò àyè. Mo gba àga lọ́wọ́ àmì náà, mo pọ̀n ọ́n sẹ́yìn lẹ́tà ẹ, mo so ọ̀já rẹ̀ mọ́ ibi tí kò ti lè yọ̀. Mo tẹ sílẹ̀. Ó jókòó jẹ́ẹ́.

Mo gbé e wá fún Bàbá Àgbà nígbà tí ilé ìtẹ̀wé tẹ̀ ẹ́ tán. Ó wà nínú àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àga Ìyá Àgbà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn ò tíì gbé e kúrò. Ó gba bébà náà, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó tẹ̀ ẹ́ sápá kan gẹ́gẹ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Mo fi ìka hàn án ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ rẹ̀.

“Oko tàbí ọkọ?” ó ní.

Kò wò mí. Ọ̀nà ló ń wò, ibi tí Ìyá Àgbà ti máa ń bọ̀ láti bíròò.

“Ọkọ ni, Bàbá,” mo ní. “Àmì méjèèjì wà nídìí ẹ̀.”

“Hẹ̀n,” ó ní. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ wá wọn lórí bébà, ó rí wọn, ó sì fi ọwọ́ bo ibẹ̀.